Ìdánwò GRE lẹ́ẹ̀kejì: ohun tí ẹ máa ṣe bí máàkì àkọ́kọ́ kò bá tẹ́ yín lọ́rùn

Ẹ ti ṣe GRE, ìdánwò tí ọ̀pọ̀ yunifásítì ń fi gba akẹ́kọ̀ọ́ sí ẹ̀kọ́ lẹ́yìn dìgírì àkọ́kọ́, máàkì ti jáde lójú kọ̀ǹpútà, kò sì dé ibi tí ẹ fojú sí. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà ni pé wọ́n á sanwó òmíràn lójú ẹsẹ̀, wọ́n á pa dà sídìí ìwé tí wọ́n kà tẹ́lẹ̀, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé kìn-ín-ní. Òkò àbínújù kì í pa ẹyẹ. Bí ìmúrasílẹ̀ kò bá yàtọ̀, máàkì kì í sábà yàtọ̀. Ìdí nìyí tí wíwá ibi tí máàkì ti jò fi ṣáájú ìwé kíkà nínú ohun tí a fẹ́ sọ yìí.

GRE General Test ni a ń sọ, irú èyí tí ETS, ilé-iṣẹ́ tó ni ìdánwò náà, ń ṣe láti 22 Oṣù Kẹsàn-án 2023, tí kò ju wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 58 lọ. Ẹni tó ń ṣe GMAT, ìdánwò irú rẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ okòwò, máa rí ibi tí tirẹ̀ ti yàtọ̀ nísàlẹ̀ pátápátá.

Ṣé ó tiẹ̀ yẹ kí ẹ tún un ṣe?

Ẹ lọ sí ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì ẹ̀ka tí ẹ fẹ́ wọ̀ gan-an, ẹ má dúró sórí ti yunifásítì lápapọ̀, torí ẹ̀ka méjì nínú yunifásítì kan náà lè ní òfin tó yàtọ̀ síra. Ẹ wò ó bóyá wọ́n ṣì ń béèrè GRE. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ti yọ ọ́ kúrò, àwọn mìíràn sì fi í sílẹ̀ fún ẹni tó bá wù. Ẹ wo apá tí wọ́n kà sí jù pẹ̀lú. Ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ kì í sábà fi bẹ́ẹ̀ bínú sí 152 ní Verbal (apá èdè Gẹ̀ẹ́sì), àmọ́ 155 ní Quant (apá ìṣirò) lè kó bá yín níbẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ìtàn, ọ̀rọ̀ lè yí pa dà.

Máàkì kan náà kò sì já sí ohun kan náà ní apá méjèèjì. Láti 130 dé 170 ni wọ́n ń ka Verbal àti Quant, ṣùgbọ́n àwọn tó ń gba máàkì gíga ní Quant pọ̀ ju ti Verbal lọ. Ẹni tó gba 160 ní Verbal ti fi èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ṣe ìdánwò náà sẹ́yìn. Ẹni tó gba 160 ní Quant kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí àárín. Percentile tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ máàkì, ìyẹn ìdá ọgọ́rùn-ún àwọn tí ẹ fi sẹ́yìn, ni kí ẹ fi ṣe ìdájọ́ ara yín.

Lójú tiwa, ẹni tó gba 163 tó ń wá 165 kò nílò ìdánwò kejì. Ìyàtọ̀ máàkì kan tàbí méjì kò fi hàn pé ẹnì kan mọ̀ ju ẹnì kejì lọ. Ẹni kan náà lè jókòó lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e kó gba iye tó yàtọ̀ bẹ́ẹ̀ láì kọ́ ohun tuntun kankan. Oṣù méjì tó máa ná sórí GRE á wúlò jù lórí ìwé tó fẹ́ fi ṣàlàyé ìdí tó fi ń wá ẹ̀kọ́ náà. Àmọ́ bí máàkì yín bá fi 4 tàbí 5 kéré sí ti àwọn tí ẹ̀ka náà máa ń gbà, ẹ tún un ṣe.

Ẹ ka ọjọ́ láti ẹ̀yìn wá síwájú

ETS kò gbà kí ẹnikẹ́ni tún GRE ṣe kí ọjọ́ 21 tó pé, kò sì gbà ju ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ láàárín oṣù 12 èyíkéyìí. Ìdánwò tí ẹ fagi lé máàkì rẹ̀ wà nínú òǹkà yẹn. Máàkì tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ máa ń gba ọjọ́ 8 sí 10 kó tó jáde.

Ká ní gbèdéke yín jẹ́ 15 Oṣù Kejìlá. Bí ẹ bá ṣe ìdánwò kejì ní 1 Oṣù Kọkànlá tí kò sì dára, ẹ ṣì lè ṣe ẹ̀kẹta láti 22 Oṣù Kọkànlá, kí máàkì rẹ̀ jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kejìlá. Bó bá jẹ́ 20 Oṣù Kọkànlá ni ẹ ṣe é, ọjọ́ tí ẹ tún lè jókòó bọ́ sí 11 Oṣù Kejìlá, máàkì á sì jáde lẹ́yìn tí ilẹ̀kùn ti tì. Nítorí náà, ẹ mú ọjọ́ tó máa fi àyè ìgbìyànjú kan sí i sílẹ̀, bí ẹ kò bá tiẹ̀ ní lò ó. Ọkàn ẹni tó mọ̀ pé àǹfààní mìíràn ṣì wà máa ń balẹ̀ jù lọ́jọ́ ìdánwò.

Bí ohun tó kù bá jẹ́ máàkì 3 sí 5 ní apá kan, ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 tó, bí ẹ bá lè rí wákàtí 10 sí 12 lọ́sẹ̀. Bó bá ju 8 lọ, ìpìlẹ̀ ló mì, ẹ fún ara yín ní oṣù mẹ́ta. Ọjọ́ 21 yẹn, òfin ETS lásán ni, ẹ má fi ṣe àkókò ìmúrasílẹ̀. Ẹni tí àìsàn mú lọ́jọ́ náà tàbí tí ariwo kò jẹ́ kó gbádùn nìkan ló lè pa dà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Bí ẹ bá ti forúkọ sílẹ̀ tí ẹ wá fẹ́ sún ọjọ́ síwájú, ẹ ṣe é ó kéré tán ọjọ́ 4 ṣáájú ìdánwò. Lẹ́yìn ìyẹn, owó yín ti lọ.

Ẹ wá ibi tí máàkì ti jò

Ìgbésẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ń fò, òun gan-an ló sì ṣe pàtàkì jù.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí bí ìdánwò náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Quant pín sí ọ̀nà méjì, Verbal náà sì pín sí méjì. Ìpín àkọ́kọ́ ní ìbéèrè 12. Bí ẹ bá ṣe ṣe é sí ni kọ̀ǹpútà fi ń pinnu bí ìpín kejì, tó ní ìbéèrè 15, ṣe máa le tó. Ẹni tó kọsẹ̀ ní ìpín àkọ́kọ́ máa rí ìbéèrè tó rọrùn ní èkejì, bó bá sì gba gbogbo rẹ̀, máàkì rẹ̀ kò ní dé òkè pátápátá. Bí ẹ bá rántí pé Quant kejì rọ̀ yín lọ́rùn tí máàkì sì kéré síbẹ̀, ìpín àkọ́kọ́ ló pa yín lára, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé orí ìbéèrè tó yẹ kí ẹ gbà ni. Bí ìpín kejì bá le bí òkúta tí àkókò kò sì tó, ìṣòro yín wà níbòmíràn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣe ìdánwò ìdánrawò kan tí ẹ kò tíì rí rí, kí aago máa ka àkókò. Bí ẹ bá parí, ẹ má wo ìdáhùn. Ẹ pa dà sórí gbogbo ìbéèrè tí kò dá yín lójú àti èyí tí ẹ kò dé, kí ẹ tún wọn ṣe láì sí aago, kí ẹ kọ ìdáhùn tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni kí ẹ wá ṣí ìdáhùn, kí ẹ gbé òǹkà méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ìbéèrè mẹ́wàá tí ẹ kùnà lè jọ ara wọn lójú, kí ìdí wọn yàtọ̀ pátápátá. Èyí tí ẹ kùnà nígbà tí aago ń lọ, tí ẹ wá gbà nígbà tí kò sí aago, ìmọ̀ kọ́ ló ṣẹ́ yín kù. Àkókò tàbí ìkánjú ni. Èyí tí ẹ kùnà lẹ́ẹ̀mejèèjì, ẹ kò mọ̀ ọ́n, ẹ lọ kọ́ ọ. Èyí tí ẹ gbà ní àkọ́kọ́ tí ẹ sì wá yí sí ohun tí kì í ṣe, àìdánilójú ló wà níbẹ̀, irú rẹ̀ sì pọ̀ nínú Verbal. Bí èyí tó pọ̀ jù nínú tiyín bá jẹ́ ti àkókò, kíka orí tuntun nínú ìwé kò ní ràn yín lọ́wọ́ rárá.

Ìwé àṣìṣe

Ẹ ra ìwé kan tàbí kí ẹ ṣí ojú ewé kan nínú kọ̀ǹpútà. Fún gbogbo ìbéèrè tí ẹ bá ṣì, ẹ kọ ibi tí ẹ ti rí i, irú ìbéèrè tó jẹ́, ohun tí ẹ ṣe, ìdí tí ẹ fi ṣe é bẹ́ẹ̀, ohun tí ẹ máa ṣe nígbà mìíràn, àti ọjọ́ tí ẹ máa tún un ṣe. Ìdí tí ẹ fi ṣe é bẹ́ẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ibẹ̀.

Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Wọ́n ní x² = 49. Quantity A jẹ́ x, Quantity B jẹ́ 7. Ẹni tó ń kánjú á ní méjèèjì dọ́gba, á yan C. Bẹ́ẹ̀, x lè jẹ́ 7, ó sì lè jẹ́ −7, nítorí náà D ni: ohun tí wọ́n fún wa kò tó láti fi mọ èyí tó pọ̀ jù. Bí ẹ bá kọ “àìfarabalẹ̀” sínú ìwé àṣìṣe, ẹ kò tíì kọ nǹkan kan. Gbogbo ènìyàn ló ń kọ ọ́, kò sì kọ́ ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun. Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni: “Mo gbàgbé −7. Níbikíbi tí mo bá ti rí x², màá kọ ìdáhùn méjèèjì sílẹ̀ kí n tó wo Quantity B.” Èyí ṣeé ṣe lọ́jọ́ ìdánwò. “Màá fara balẹ̀” kò ṣeé ṣe.

Ìbéèrè kankan kò gbọdọ̀ kúrò nínú ìwé yìí àfi tí ẹ bá ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì láì wo ìdáhùn, kí ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán wà láàárín ìgbà méjèèjì. Bí ẹ bá fi wákàtí kan ṣe ìbéèrè, ẹ fi wákàtí kan àbọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó ń ṣe ìbéèrè ọgọ́rùn-ún lóòjọ́ tí kò yẹ ọ̀kan wò ń kọ́ ọwọ́ rẹ̀ ní àṣìṣe kan náà ni.

Quant

Ìṣirò lásán, áljíbrà, jọ́mẹ́tìrì àti ìtúpalẹ̀ dátà ni ohun tó wà níbẹ̀. Kò sí trigonometry, kò sí calculus. Ìdí nìyí tó fi máa ń ya àwọn tó ka ìmọ̀ ẹ̀rọ lẹ́nu pé wọn kò gba ju 158 lọ: wọ́n mọ ìṣirò tó le ju èyí lọ, wọ́n sì ń fi ọ̀nà gígùn yanjú ohun tí dídán nọ́ńbà méjì wò á parí ní ogún ìṣẹ́jú-àáyá.

Quantitative Comparison, ìbéèrè tó ní kí ẹ fi Quantity A wé Quantity B, ni kí ẹ kọ́kọ́ dojú kọ, torí ibẹ̀ ni àtúnṣe ti ń tètè hàn. Bí lẹ́tà bá wà níbẹ̀ tí wọn kò sì sọ irú nọ́ńbà tó jẹ́, ẹ dán 0, 1, −1, ½ àti nọ́ńbà ńlá kan wò. Ẹ mú x² àti x: bí x bá jẹ́ 2, x² ló pọ̀ jù, bó bá jẹ́ ½, x ló pọ̀ jù. Ìdánwò méjì péré, D ni. Bí kò bá sí lẹ́tà rárá tó jẹ́ nọ́ńbà nìkan ló wà, D kò lè jẹ́ ìdáhùn láé, torí nọ́ńbà tó ti dúró kò lè yí pa dà.

Àwọn ibi mìíràn tí máàkì ti ń jò:

Ìdá ọgọ́rùn-ún. Ohun tó wọ́n sí i ní 20%, tó sì tún dín 20%, kò pa dà sí ibi tó wà: 100 di 120, 120 di 96. Ohun tí ẹ ń pín lé lórí ti yí pa dà, ibẹ̀ ni pàkúté wà.

Àwòrán. Àwòrán jọ́mẹ́tìrì inú GRE kò fi dandan bá ìwọ̀n mu. Igun tó jọ 90° lè má jẹ́ 90°. Àmọ́ gíráàfù àti àwòrán dátà máa ń bá ìwọ̀n mu, ẹ lè fojú wọn wọ́n.

Ìbéèrè tó ní kí ẹ yan gbogbo èyí tó bá tọ̀nà. Bí mẹ́ta bá tọ̀nà tí ẹ yan méjì, òdo ni. Ẹ yẹ àṣàyàn kọ̀ọ̀kan wò lọ́tọ̀.

Kalikulétọ̀ orí kọ̀ǹpútà náà ń jẹ àkókò ju bí ènìyàn ṣe rò lọ. Ẹ fi sílẹ̀ fún ìpín tó díjú àti nọ́ńbà dátà tó gùn. Ẹni tó bá ń ṣí i fún 15 × 12 gbọ́dọ̀ pa dà lọ kọ́ ìsọdipúpọ̀ lórí, iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì ni.

Verbal

Nǹkan bí ìdajì apá yìí jẹ́ àkàyé. Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ nìkan ni ọ̀pọ̀ ń há sórí. Ó dára kí ẹ mọ ọ̀rọ̀, àmọ́ inú gbólóhùn ni kí ẹ ti kọ́ ọ. Pàápàá jù lọ, ẹ ṣọ́ àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ rò pé ẹ mọ̀: “flag” tó ń sọ pé nǹkan ń rẹ̀ sílẹ̀, “check” tó ń sọ pé a dá nǹkan dúró, “qualified” nínú “qualified praise”, ìyìn tó ní “ṣùgbọ́n” nínú. Àwọn wọ̀nyí ń mú ènìyàn ju àwọn ọ̀rọ̀ gígùn tó ń dẹ́rù bani lọ.

Níbi Text Completion àti Sentence Equivalence, àwọn ìbéèrè tí ẹ ti ń fi ọ̀rọ̀ dí àlàfo inú gbólóhùn, ẹ fi ọwọ́ bo àwọn àṣàyàn. Ẹ wá ọ̀rọ̀ tó ń yí gbólóhùn pa dà (although, despite, far from) tàbí èyí tó ń tì í síwájú (because, indeed, thus). Ẹ fi ọ̀rọ̀ tiyín sínú àlàfo, kó tiẹ̀ jẹ́ ti Yorùbá, kí ẹ tó wá ṣí ọwọ́. Ẹ gbà wá láyè ká mú ọ̀kan:

*Although the manager was known for talking at length, her reply that morning was surprisingly ____.*

Àṣàyàn mẹ́fà: terse, hostile, laconic, sincere, candid, prompt. Ọ̀rọ̀ méjì lẹ fẹ́ yan, gbólóhùn méjèèjì sì gbọ́dọ̀ ní ìtumọ̀ kan náà. Ẹni tó kàn ń wá ọ̀rọ̀ méjì tó jọra á rí sincere àti candid, á mú wọn, á kùnà. “Although” ti sọ fún wa pé ohun tó wà nínú àlàfo tako ọ̀rọ̀ gígùn; “kúkúrú” ni ọ̀rọ̀ tiwa, terse àti laconic ló sì bá a mu. Ibi tí gbólóhùn dorí kọ ni ká kọ́kọ́ wò, ká tó wo ìjọra.

Fún àkàyé, bí ẹ bá ka àyọkà tán, ẹ sọ kókó rẹ̀ lọ́kàn ní gbólóhùn kan pẹ̀lú Yorùbá kí ẹ tó wo ìbéèrè. Bí ẹ kò bá lè sọ ọ́, ojú yín ló kà á, ọpọlọ kò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ máa fura sí ìdáhùn tó bá ní only, never, all tàbí entirely nínú, àti èyí tó jẹ́ òtítọ́ nílé ayé ṣùgbọ́n tí àyọkà kò sọ. Fún ìdáhùn kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá yàn, ẹ gbọ́dọ̀ lè fi ìka sí ìlà tó gbè é lẹ́sẹ̀.

Ẹni tí Quant nìkan kù fún kò gbọdọ̀ pa Verbal tì. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n ń wọn gbogbo rẹ̀, ẹ kò lè mú Verbal ìgbà àkọ́kọ́ kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ Quant ìgbà kejì lórí ìwé máàkì kan ṣoṣo. Wákàtí méjì lọ́sẹ̀ tó láti fi gbé apá tó dára dúró.

Àròkọ

Ọ̀kan péré ló kù nísinsìnyí, Analyze an Issue, ìṣẹ́jú 30, máàkì láti 0 dé 6. Gbogbo kókó tí wọ́n lè mú jáde wà lójúlé ETS lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ mú mẹ́wàá nínú wọn, ẹ kọ ìlànà nìkan fún mẹ́fà, ẹ kọ mẹ́rin tán pátápátá pẹ̀lú aago. Ìṣẹ́jú 5 fún ìlànà, 22 fún kíkọ, 3 fún àtúnyẹ̀wò. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú ohun tí kì í tún sípẹ́lì ṣe, torí ti ìdánwò kì í ṣe é. Ẹ̀bi tó wọ́pọ̀ jù ni pé ènìyàn kò ka ìtọ́ni abẹ́ kókó náà: bí wọ́n bá ní kí ẹ dá èrò ẹni tó tako yín lóhùn tí ẹ kò dá a lóhùn, èdè dídùn kò ní gbà yín.

Àkókò

Quant àkọ́kọ́: ìbéèrè 12, ìṣẹ́jú 21. Quant kejì: 15, ìṣẹ́jú 26.
Verbal àkọ́kọ́: 12, ìṣẹ́jú 18. Verbal kejì: 15, ìṣẹ́jú 23.

Ẹ má máa wo aago lórí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ní Quant àkọ́kọ́, ibi méjì ni kí ẹ ti wò ó: bí ẹ bá parí ìbéèrè 4, ó yẹ kí ìṣẹ́jú 14 kù, bí ẹ bá parí 8, kí 7 kù. Ní Verbal àkọ́kọ́, 12 lẹ́yìn ìbéèrè 4, 6 lẹ́yìn 8. Nínú ìpín kan, ẹ lè fò, ẹ lè sàmì sí ìbéèrè, ẹ lè pa dà. Nítorí náà, bí ìṣẹ́jú kan bá kọjá tí ẹ kò mọ ọ̀nà tí ẹ máa gbà, ẹ yan ohun kan, ẹ sàmì sí i, ẹ kọjá. Ìbéèrè tó le kò ní máàkì ju èyí tó rọrùn lọ nínú ìpín kan náà, GRE kì í sì í yọ máàkì fún ìdáhùn tí kò tọ̀nà, torí bẹ́ẹ̀ ẹ má fi àlàfo kankan sílẹ̀. Ìkùnà tí a ń rí jù ni ti ẹni tó jókòó ti ìbéèrè 7 fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, tí kò wá dé ìbéèrè 11 àti 12 tí ìbá gbà.

Ìdánwò ìdánrawò

ETS ní PowerPrep méjì tó jẹ́ ọ̀fẹ́, àti PowerPrep Plus tó jẹ́ olówó. Bí ẹ bá ti ṣe àwọn ọ̀fẹ́ náà ṣáájú ìdánwò àkọ́kọ́, ìbéèrè kan náà ni ẹ máa bá níbẹ̀, máàkì rẹ̀ á sì tàn yín. Ẹ ra ti owó fún ìgbà yìí. Ti àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn dára fún ìdánrawò ọwọ́, àmọ́ ẹ má fi máàkì wọn ṣe ìpinnu.

Mẹ́ta tó: ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ fún wíwá ibi tó ti jò, ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ìkẹyìn ní ọjọ́ 7 sí 10 ṣáájú. Ẹ ṣe é ní wákàtí tí ìdánwò gan-an máa bọ́ sí, àròkọ pẹ̀lú, láì dìde, torí ìsinmi kò sí nínú GRE mọ́. Bí ìkẹyìn bá fi ju máàkì 3 lọ kéré sí ohun tí ẹ ń wá, ẹ sún ọjọ́ síwájú nígbà tí ọjọ́ 4 yẹn kò tíì kọjá.

Ọjọ́ náà àti ẹ̀yìn rẹ̀

Orúkọ tí ẹ fi forúkọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti ìwé ìdánimọ̀ yín mu. Bí ẹ bá ń ṣe é nílé, ẹ kò lè lo ìwé lásán fún ìṣirò: bọ́ọ̀dù funfun kékeré tàbí ìwé tó wà nínú ike tó mọ́ gaara, pẹ̀lú máákà tó ṣeé nù, ni wọ́n gbà. Ohun àfetígbọ́ kò gbọdọ̀ sí létí, ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ wọ yàrá. Ẹ fi bọ́ọ̀dù yẹn ṣe gbogbo ìdánrawò ọ̀sẹ̀ méjì tó kẹ́yìn. Àyè rẹ̀ kéré, ẹni tí kò bá tíì mọ́ lára máa ń nu iṣẹ́ tó ṣì nílò. Bí ti ìgbà àkọ́kọ́ bá jẹ́ nílé tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì ń já, ẹ lọ sí gbọ̀ngàn ìdánwò lọ́tẹ̀ yìí.

Bí ẹ bá parí, kọ̀ǹpútà á béèrè bóyá ẹ fẹ́ fagi lé máàkì kí ẹ tó rí i. Ẹ má fagi lé e. ScoreSelect jẹ́ kí ẹ yan ọjọ́ tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́, ilé-ìwé kò sì ní rí ọjọ́ tí ẹ kò fi ránṣẹ́. Ẹni tó bá fagi lé e tó wá kábàámọ̀ ní ọjọ́ 60 láti gbà á pa dà, pẹ̀lú owó. Ẹ lè fi máàkì ránṣẹ́ sí ibi mẹ́rin lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ náà: “Most Recent” ń fi ti òní nìkan ránṣẹ́, “All” ń kó gbogbo rẹ̀ lọ. Bí Verbal bá ga nígbà kan tí Quant sì ga nígbà kejì, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka náà bóyá wọ́n máa ń mú èyí tó ga jù nínú apá kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó fi ọjọ́ méjèèjì ránṣẹ́.

Bó bá jẹ́ GMAT

Ìwé àṣìṣe àti àtúnyẹ̀wò kò yàtọ̀. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ọjọ́ 16 ni ẹ máa dúró, ẹ̀ẹ̀marùn-ún náà sì ni láàárín oṣù 12. Láti 205 dé 805 ni máàkì rẹ̀. Ìpín mẹ́ta ló ní, ìṣẹ́jú 45 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: Quant ní ìbéèrè 21, Verbal 23, Data Insights (ìtúpalẹ̀ dátà) 20, kalikulétọ̀ kò sì sí àfi ní Data Insights. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu èyí tó tẹ̀ lé e, nítorí náà ẹ kò lè fò ó. Ìdáhùn mẹ́ta péré ni ẹ lè yí nínú ìpín kan, lẹ́yìn tí ẹ bá ti dé òpin rẹ̀. Ẹni tí kò bá parí ìpín máa pàdánù máàkì gan-an, torí bẹ́ẹ̀ bí ìṣẹ́jú méjì bá kù tí ìbéèrè mẹ́ta ṣì wà, ẹ yan ohun kan fún gbogbo wọn. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa yan ìpín tó máa ṣáájú: bí ó bá jẹ́ pé ìpín ìkẹyìn ló bà jẹ́ jù nígbà àkọ́kọ́, ẹ gbé e wá síwájú nínú ìdánrawò méjì, kí ẹ wo bóyá máàkì rẹ̀ máa yí pa dà kí ẹ tó pinnu.